Àwọn Tó Ń Ro Ọ̀nà Òkè Àgbọ̀nrín

Bí àdúgbò wa ṣe ń ṣe láti ayé àwọn bàbá wa, a gbé ọkọ́ láàárọ̀ Sátidé, a lọ ro ọ̀nà Òkè Àgbọ̀nrín. Ẹ̀rọ kékeré kan ń fò lé wa lórí, ó ń kùn bí oyin.

Ìyá Tinúadé, tó dàgbà jù nínú wa, nàró kó lè wo ìlú nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ náà figbe ta: "Màmá, ẹ ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró! Ẹni tó bá ń ro ọ̀nà nìkan ló lè wà níbí láìsanwó."

Inú bí mi débi pé mo na ọkọ́ sí i. "Ta ló ni òkè?"

"Ilé-iṣẹ́ ìgbafẹ́ wa ni. Ìjọba ìlú ti fi ṣe pààrọ̀ ilẹ̀ àbàtà tí a fún yín."

"Àbàtà tí ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé! Ta ló bi wá léèrè? Ẹ gba òkè tán, ẹ wá fi ríro sílẹ̀ fún wa?"

"Àṣà yín ṣáà ni."

Ìyá Tinúadé gbé ọkọ́ rẹ̀ kọ́ èjìká. "Àṣà wa ni pé ẹni tó ni ọ̀nà ló ń ro ó. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Gbogbo wa yí padà. Ẹ̀rọ náà ń sáré tẹ̀ lé wa: "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn àlejò wa ti ń bọ̀!"

Ìyá Tinúadé ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. "Sọ fún wọn kí wọ́n mú ọkọ́ dání."