Àdúrà Tí Kò Ní Àmín

Inú ń bí Abọ́sẹ̀dé láti ìgbà tí ọkọ̀ òun àtàwọn ajíhìnrere ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn ti wọ abúlé kan ní Sàró. Lọ́dún tó kọjá, Pásítọ̀ Adémúyìwá da áńkáṣíìfù bo obìnrin aláìsàn kan lórí nínú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà. Ó ní kí ògbufọ̀ sọ fún un pé kó kúnlẹ̀, kó má lajú títí òun yóò fi ṣe àmín. Àfi bí awakọ̀ ṣe fọn fèrè pé bàálù kò ní dúró dè wọ́n. Gbogbo wọn sá lọ, kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

Láàárọ̀ yìí, Abọ́sẹ̀dé béèrè obìnrin náà. Ilẹ̀ làwọn ará abúlé ń wò.

Nígbà tílẹ̀ ṣú, pásítọ̀ ń ya fọ́tò níta bí ọkọ ìyàwó. Abọ́sẹ̀dé wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ kó àga, ó sì gbọ́ èémí ẹnìkan nídìí pẹpẹ. Obìnrin náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Aláǹtakùn ti ta òwú láti etí áńkáṣíìfù dé ilẹ̀.

"Pásítọ̀!" Abọ́sẹ̀dé figbe ta. "Ẹ wá parí àdúrà yín! Ṣebí ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀!"

Pásítọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró gbagidi.

Obìnrin náà yíjú sí i láìlajú. Yorùbá tó já geere ló fi bi í pé:

"Ṣé kí n lajú báyìí, sà?"