Bàálù Tó Sá Lọ Láìsí Ẹnikẹ́ni Nínú Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ má jù ú sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á tán.

1. Bàálù kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan ni bàbá Lowell Tietjen fi sílẹ̀ fún òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Arlene, ní oko wọn ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà. Kò ní sítátà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí abẹ̀bẹ̀ onígi tó wà nímú rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó jí. Bàbá wọn ti kọ́ wọn pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sínú rẹ̀, kó tẹ bíréèkì, kí ẹnì kejì tó fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀.

2. Lọ́jọ́ Ẹtì, Merle Hruska, mẹkáníìkì tó ń ṣe àyẹ̀wò ọdọọdún fún àwọn bàálù àdúgbò, nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀, ó kọjú sí Lowell.

"Wáyà súìṣì ti já. Bí o tilẹ̀ pa á, iná ṣì ń wọnú ẹ́ńjìnnì. Mi ò lè fọwọ́ sí ìwé rẹ."

"Bọ̀dá Merle, àti kékeré ni mo ti ń yí i."

"Abẹ̀bẹ̀ ò mọ ìyẹn. Wáyà tuntun ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Jẹ́ kó sinmi."

3. Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, àwọn awakọ̀ bàálù yòókù ń fò kọjá lórí oko wọn, wọ́n ń lọ jẹ páńkéèkì níbi àpèjẹ àárọ̀ ní ìlú kejì. Lowell jókòó, ó dìde, ó lọ sójú fèrèsé, ó padà wá. Kọfí rẹ̀ tutù.

"Sìsítà, ẹ jẹ́ ká lọ. Ta ló máa béèrè ìwé nídìí páńkéèkì?"

"Bọ̀dá Merle ní ká dúró."

"Bọ̀dá Merle? Bí ẹyẹ bá bà sórí òrùlé wọn, wọ́n á ní kó mú ìwé àyẹ̀wò wá."

Arlene rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n dúró dè mí, kí n wọ bàtà."

4. Lowell kò dúró. Ó yọ igi tó dí táyà. Ó ṣí epo díẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Ó pa súìṣì, ó ní òun kàn fẹ́ yí abẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kí epo lè wọlé. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn láràárọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ́ńjìnnì jí.

Ó fò sẹ́yìn. Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Lowell di apá bàálù náà mú, bàálù sì ń fà á yípo bí ìgbà tí màlúù bá ń fa ẹni tó so ó.

Arlene sáré jáde. "Lowell, fi í sílẹ̀. Mo ní kóo fi í sílẹ̀."

Ó fi í sílẹ̀. Bàálù sáré tààrà lọ kọlu àká àgbàdo onírin. Apá méjèèjì ká, abẹ̀bẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́.

5. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọkùnrin kan dé láti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù. "Ìwé àyẹ̀wò ọdún yìí dà?"

Lowell ṣí dúrọ́ọ̀ tábìlì wò, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì tó fi ń wa bàálù. Àwọn adójútòfò ní àwọn ò ní san owó kankan lórí bàálù tí kò ní ìwé.

Arlene ń ṣa èérún igi nínú koríko.

"Sìsítà, ẹ dárí jì mí."

"Èmi náà gbà ká lọ. Gbogbo ohun tí Dádì fi sílẹ̀ fún wa nìyí." Ó ń ṣa á lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bóyá ọkọ̀ ni tiyín, bóyá jẹnẹrétọ̀: tí ẹni tó mọ iṣẹ́ bá ní kí ẹ dúró, ẹ dúró. Ẹ má sọ pé àti kékeré lẹ ti ń ṣe é. Àti kékeré ni Lowell náà ti ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù ò fi bà á. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní sùúrù nílé yín, kí ó tó jáde láàárọ̀ ọ̀la.