Bàbá Àgbà Tó Wà ní Kùmásí

Bàbá mi ò mojú bàbá tó bí wọn. Inú ìyá wọn ni wọ́n ṣì wà nígbà tí Bùràímọ̀ Àlàmú ti Èjìgbò lọ ṣòwò ní Kùmásí, tí kò sì padà mọ́. Nítorí èyí ni mo ṣe lọ wo ìwé àwọn òkú àtijọ́ ní ọ́fíìsì ìjọba níbẹ̀.

Ilẹ̀ ń ṣú nígbà tí mo rí orúkọ náà. Kàmọ́rù, akọ̀wé ibẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, ti kìlọ̀ fún mi: "Àǹtí, ojú ni kẹ́ ẹ fi kà á o. A kì í pe orúkọ wọn sókè níbí."

Ayọ̀ ò jẹ́ kí n rántí. Mo pè é sókè, mo sì fi ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà fi ń sunkún rẹ̀ títí wọ́n fi kú kún un: "Bùràímọ̀ Àlàmú, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Ẹnì kan wúkọ́ láàárín àwọn ìwé. Bàtà ń wọ́ nílẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ilẹ̀kùn sì rọra ṣí. Mi ò rí ẹnikẹ́ni.

Kàmọ́rù ò gbójú sókè. "Àǹtí, ta lẹ pè?"

Kí n tó dáhùn, fóònù mi dún. Bàbá mi ni, láti Èjìgbò.

"Sàfú, géńdé kan wà ní pálọ̀ mi. Ó ní ìwọ lo ní kí òun máa bọ̀ nílé. Kò tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń pè mí lọ́mọ òun. Ó ti kúnlẹ̀, ó ń wọ bàtà fún mi bí ẹni ń wọ̀ ọ́ fọ́mọdé. Ó ní ká jọ máa lọ bá ìyá mi. Ṣé kí n tẹ̀ lé e?"