Mọ́tò Tó Wà Lábẹ́ Òkìtì Yìnyín

Akẹ́kọ̀ọ́jáde kan ti ṣọ́bìrì bọ inú yìnyín tó bo mọ́tò mọ́lẹ̀. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni wọn yóò fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún iṣẹ́ ní òdìkejì ìlú Montréal. Ọdún méjì ló ti ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mùsíọ̀ Lafrenière, bàbá àgbàlagbà tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé rẹ̀, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń mu kọfí.

"Ọmọ mi, má gbàgbé apá òsì o."

"Mo ti gbọ́, bàbá."

"Àbí wọn kì í kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́bìrì mú ní yunifásítì?"

"Sùúrù ni wọ́n kọ́ wa, bàbá. Òun ni mò ń lò lọ́wọ́ báyìí."

Nígbà tí aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú méjì, ilẹ̀kùn mọ́tò náà hàn síta. Àwọ̀ búlúù ni. Pupa ni tirẹ̀.

Ó rántí nígbà náà. Ìjọba ìlú ti fi àmì síbẹ̀ lánàá pé àwọn ń bọ̀ wá kó yìnyín, àwọn yóò sì fa mọ́tò yòówù tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ yẹn ní aago mẹ́jọ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé tirẹ̀ sọdá títì, yìnyín sì ti bo ìyẹn náà mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

"Mọ́tò yín ni, ẹ ò sì sọ fún mi?"

"Mo rò pé ọ̀wọ̀ àgbà ni. Mo ti ń ṣàdúrà fún ẹ láti ìgbà yẹn." Bàbá náà wọ mọ́tò, ó ṣáná sí i. "Wọlé, jẹ́ kí n gbé ẹ lọ."

Akẹ́kọ̀ọ́jáde náà na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Dúró ná. Gíláàsì ẹ̀yìn ṣì kù."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wo bàbá náà. Lẹ́yìn náà, ó lọ nù ún.