Rodolphe Tó Fẹ́ Fi Oorun Gun Òkè

Ìwàǹwara ni àléébù Rodolphe. Èèyàn rere ni o, olùkọ́ tí àwọn ọmọ ilé ìwé fẹ́ràn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ó jí adìẹ òun rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń se iṣu, kí iṣu tó jinná ni yóò ti fi ọ̀bẹ gún un yánnayànna. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní Dásà wa yìí, láàárín àwọn òkè, Rodolphe mú eré ìdárayá kan ní ọ̀kúnkúndùn. Àwọn tó ń ṣe é máa ń lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á sì fẹsẹ̀ sáré, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà láìsinmi. Ìfẹ́ ọkàn lásán ló fi ń ṣe é. Láàárọ̀ kùtù ó ti ń sáré yí òkè ká. Bí iṣẹ́ bá parí, ó di ìlú Paouignan lórí kẹ̀kẹ́. Àwọn tó ń ta gàrí lẹ́bàá títì níbẹ̀, tí wọ́n ń pe olùkọ́ ní Mẹ́tìrì, á ní, "Mẹ́tìrì, ta lẹ tún ń lé?" Lọ́jọ́ ìsinmi, á lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún tó wà lọ́nà Kèrè. Ó ń jẹun dáadáa, ó sì ń sùn bí ọmọ tuntun.

Lọ́dún kan, ìròyìn dé pé Dásà gan-an ni ìdíje eré náà yóò ti wáyé. Inú Rodolphe dùn kọjá sísọ. Bàbá rẹ̀, Séverin, àgbẹ̀ àgbà tí orúnkún kì í jẹ́ kó rìnrìn àjò mọ́, kò tíì rí i kó díje rí.

"Bàbá, iwájú yín ni n óò ti borí," Rodolphe wí.

"Kí ojú mi ṣáà rí i," ni arúgbó náà dáhùn. Ohun tó ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ.

Àbúrò Rodolphe, Dorian, tó wà ní Faransé, ló wá fi ẹ̀rọ kan àti àgọ́ ọ̀rá ránṣẹ́. Wọ́n á ta àgọ́ náà bo ibùsùn, ẹ̀rọ á sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú rẹ̀, irú èyí tó wà lórí àwọn òkè ńlá tí yìnyín bò. Ara ẹni tó bá ń sùn níbẹ̀ á kọ́ bí a ṣe ń fi èémí díẹ̀ ṣe iṣẹ́ púpọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀," Dorian kìlọ̀ lórí fóònù. "Ẹ jẹ́ kí ara yín gbà á kí ẹ tó fi díẹ̀ kún un. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi."

"Èmi kì í ṣe ìgbín," Rodolphe dá a lóhùn. "Ọmọ òkè ni mí." Ọjọ́ náà gan-an ló yí ẹ̀rọ dé òpin.

Ṣé oorun nìyẹn? Ẹ̀rọ ń kùn bí ọlọ ata, Rodolphe ń ta gìrì, ó ń mí hẹlẹ. Orí ń fọ́ ọ, oúnjẹ kò wù ú mọ́, ó sì ń tòògbé níwájú àwọn ọmọ ilé ìwé. Blandine, ìyàwó rẹ̀, ti kó ẹní rẹ̀ lọ sí yàrá Estelle ọmọ wọn.

"Bàbá Estelle, ẹ dín ẹ̀rọ yìí kù. Ojú yín ti pọ́n bí osùn."

"Lẹ́yìn ìdíje ni n óò sùn," ọkọ rẹ̀ fèsì.

Ọjọ́ pé. Ayọ̀ àti ariwo èrò gbé Rodolphe kúrò nínú omi, wọ́n gbé e lọ sí Paouignan, wọ́n gbé e bọ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, àwọn yòókù ṣì jìnnà. Ẹsẹ̀ òkè ni, nítòsí ihò àpáta Ìyá Màríà tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ti máa ń gbàdúrà, níbi tí Bàbá Séverin jókòó sí. Ó ku kí wọ́n sáré yí òkè ká, kí wọ́n padà síbẹ̀. Rodolphe kúnlẹ̀ láti de okùn bàtà, ó sì fi iwájú orí ti òkúta pé kí òun sinmi díẹ̀.

Ìyẹn ló bà á jẹ́. Ní Dásà, ẹni tó bá kúnlẹ̀ níbẹ̀ tó forí kan òkúta, kò sẹ́ni tó ń dí i lọ́wọ́. Ariwo rọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọkùnrin ṣí fìlà.

"Ó ń dúpẹ́," Bàbá Séverin wí, omijé ayọ̀ lójú rẹ̀.

"Bàbá, ó jọ pé oorun ni," Blandine rọra sọ.

"Ìyàwó, fi í sílẹ̀. A kì í já lu ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá Ìyá Màríà sọ̀rọ̀."

Ìdírísù, ọmọ oníṣòwò aṣọ lọ́jà Dásà, sọ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kalẹ̀. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n ó bọ̀wọ̀ fún àdúrà, ó yọ́ ẹsẹ̀ kọjá lára Rodolphe kó tó sáré. Àwọn mìíràn dé, wọ́n yọ́ kọjá. Ìgbà tí Ìdírísù yí òkè ká tán, tó sì borí, ni Rodolphe bẹ̀rẹ̀ sí í han-run, gbogbo ayé sì gbọ́ ọ. Ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́ ló jí i.

"Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?" ó bèèrè.

"Wọ́n ti parí, ọmọ mi," Bàbá Séverin dáhùn. "Mo wá wo eré rẹ, oorun rẹ ni mo wò."

Rodolphe sunkún lọ́jọ́ náà. Ìdíje ọ̀hún kò tíì padà wá sí Dásà, orúnkún bàbá rẹ̀ kò sì sàn. Ẹ̀rọ ti padà sọ́dọ̀ Dorian, Blandine ti padà sórí ibùsùn, àgbàdo tó ń sá ló sì ń fi àgọ́ bò bí òjò bá ṣú. Láàárọ̀, Bàbá Séverin máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà wo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń sáré kọjá, ìyẹn sì ń tù wọ́n nínú. Àmọ́ bí Rodolphe bá dé Paouignan, ẹnu àwọn tó ń ta gàrí kò gbófo: "Mẹ́tìrì, ẹ rántí wa nínú àdúrà o." Òun náà á rẹ́rìn-ín, á máa wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tó gbọ́ ìtàn yìí, ẹ jẹ́ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ohun rere ni kí èèyàn máa sapá, irinṣẹ́ tó dára náà kò sì burú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìwàǹwara lò ó yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ sì má ṣe fi oorun tó yẹ kí ẹ sùn nílé pamọ́, torí kò ní bi yín léèrè kó tó yan ibi tí yóò ti gbé yín.