Àràmátù, Olùkọ́ Àwọn Adití Tó Pa Ọ̀rọ̀ Ọmọ Dà

Ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o. Ẹ kọ́kọ́ fara balẹ̀ kà á tán fúnra yín. Ìwà tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ lọ́wọ́ àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú onílùú, ó sì ti sú mi.

1.
Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọ Gabon, tí ilé alájà ń yọ ní Libreville lójoojúmọ́, olùkọ́ kan wà ní àdúgbò Batterie IV tó ń jẹ́ Àràmátù. Ọmọ Kétu ni, ilà méjì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ àwọn ọmọ adití nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, láìní ìwé ẹ̀rí kankan fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ẹni tó bá ń wọ kíláàsì náà ni àwọn ọmọ máa ń fi ọwọ́ sọ lórúkọ. Ìka méjì lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni orúkọ Àràmátù, nítorí ilà rẹ̀. Ó tún kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń wo ètè èèyàn kí wọ́n lè mọ ohun tó ń sọ. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lucienne ló mọ̀ ọ́n jù.

Ìjọba wá ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ńlá fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní olùkọ́ tó bá ti ń ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́, àwọn yóò ka ọdún rẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ́, kò ní lọ jókòó sí kíláàsì nílẹ̀ Faransé kó tó gba dípílómà. Ìgbìmọ̀ kan máa wá wò ó lẹ́nu iṣẹ́ ni. Inú Àràmátù dùn débi pé ó sunkún. Opó ni, ta ni ì bá bá a tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀ tó bá fẹ́ lọ sí Faransé? Bí wọn ò bá ka ọdún rẹ̀, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

2.
Ẹ wá wo àwọn èèyàn wa! Bàbá Babátọ́pẹ́, télọ̀ tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn ará Kétu, mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá a. Ràsákì lorúkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ tí etí wọn ń gbọ́ ní ìṣirò ní àdúgbò Louis, kò kọ́ adití kankan rí. Ohun tó gbọ́ ni pé wọ́n máa fún àwọn olùkọ́ tuntun nílé, ẹ̀rọ amúlétutù sì wà níbẹ̀.

"Àràmátù ọmọ mi," ni bàbá wí, "sọ fún wọn pé ẹ ti jọ ń ṣiṣẹ́ bọ̀ tipẹ́."

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan péré ló wá. Lọ́jọ́ tá a ṣe ìparí ọdún. Ó jẹ ìrẹsì, ó sì lọ."

"Ṣé kò wá ni?"

"Ó wá, Bàbá."

"Irọ́ wo ló wá wà níbẹ̀? Ọmọ ilé wa ni. Àbí àjèjì lo fẹ́ kó gba ipò yẹn?"

Ràsákì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kójú tì mí."

Ó yẹ kó ní rárá. Ó mọ̀ pé ó yẹ kó ní rárá! Ṣùgbọ́n bàbá yìí ló dúró tì í nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, kò lè wojú rẹ̀ kó kọ̀. Ó ní òun ti gbọ́.

3.
Madame Clémentine tó ṣáájú ìgbìmọ̀ náà jókòó ti Àràmátù ní gbogbo òwúrọ̀, ó ń wo bó ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Madame," ló wí, "àwọn tó ń fúnni ní dípílómà gan-an ò mọ èyí."

Ṣé ẹ rí i? Ó ti bọ́ sí i! Ọ̀rọ̀ Ràsákì, tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, nìkan ló kù.

"Ẹ ní ẹ̀yin àti ọ̀gbẹ́ni yìí ti jọ ń kọ́ wọn tipẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Madame."

"Ó dáa. Kí lorúkọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ pè é?"

Àràmátù bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì. Madame bá nawọ́ sí Ràsákì, ó wojú Lucienne. Ọmọ náà wo Ràsákì, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ń gbé ọwọ́ lọ sẹ́nu bí ẹni tó ń jẹ ìrẹsì.

"Kí ló wí?"

Nínú àgbàlagbà tó wà níbẹ̀, Àràmátù nìkan ló gbọ́ èdè ọwọ́ náà. Ó wo Ràsákì.

"Ó ní... ó ní olùkọ́ wa ni."

Kò rántí pé Lucienne ń wo ètè òun. Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ náà. Ó mi orí kíkankíkan. Ó dìde, ó lọ jókòó bí àlejò, ó jẹun, ó lá ìka, ó nu ẹnu, ó juwọ́ ó dàbọ̀, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Kò sẹ́ni tó tún nílò ògbufọ̀.

4.
Ràsákì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Louis, nǹkan kan ò ṣe é. Àràmátù ni Madame Clémentine kọjú sí.

"Ẹ pa ọ̀rọ̀ ọmọ yìí dà lójú wa. Báwo la ṣe fẹ́ gba ọdún mẹ́sàn-án gbọ́ lẹ́nu yín?"

Wọn ò ka ọjọ́ kan ṣoṣo fún un. Wọ́n gbé àwọn ọmọ náà fún ẹnì kan tó ní dípílómà, tí kò gbọ́ èdè ọwọ́ wọn rárá. Bàbá Babátọ́pẹ́ wá kí i, ó ní kádàrá ni. Kádàrá kẹ̀! Ṣé kádàrá ló ní kó purọ́?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àràmátù ń kọjá lẹ́bàá ọgbà ilé ẹ̀kọ́ tuntun náà pẹ̀lú igbá ẹja gbígbẹ tó ń kiri báyìí lórí. Lucienne rí i, ó sáré wá sétí wáyà, ó fi ìka méjì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ayọ̀ gba ọkàn Àràmátù, ó sọ igbá kalẹ̀. Ọmọ náà bá fi ọwọ́ bi í pé:

"Kí ló dé tí ẹ pa ọ̀rọ̀ mi dà?"

Àràmátù gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti fèsì. Ó tún sọ wọ́n kalẹ̀.

Ẹ̀yin tó kà á dé ibí, mo bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá ti fi òógùn ojú yín kó ọdún jọ lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má fi bo ẹnikẹ́ni láṣìírí, ì báà jẹ́ ọmọ ilé yín. Ẹ sọ pé rárá. Bí wọ́n bá bínú, inú wọn á rọ̀. Àgbà tó ní kẹ́ ẹ purọ́ ò ní bá yín dúró lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bi yín léèrè. Ẹ má sì ṣe rò láé pé ẹni tí kì í pariwo ò rí yín. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín, kẹ́ ẹ sì fún olórí ẹgbẹ́ kà kí ẹlòmíràn tó kà á.