Dókítà Kẹta

Ní yàrá àwọn dókítà tó ti kú, méjì ti dá bàbá mi lóhùn láti inú ẹ̀rọ láàárọ̀ yẹn. Ọ̀kan ní kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ tuntun. Èkejì ní kí wọ́n padà sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń jó jẹjẹrẹ, nítorí jẹjẹrẹ pírósíteètì tó ń bá wọn jà ti wọ eegun. Bàbá mi mirí.

"Ó ku ẹ̀kẹta," wọ́n ní, wọ́n sì tún fìlà wọn dé dáadáa.

Màmá mi ni ẹ̀kẹta. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti kú, ṣùgbọ́n ohùn àti ìmọ̀ wọn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nínú ẹ̀rọ. Òfin kò gba ọ̀rọ̀ ilé láyè níbẹ̀. Ohùn inú ẹ̀rọ kò mọ ẹbí rẹ̀, aláìsàn nìkan ló mọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá," ohùn màmá mi ní.

Inú bí mi. "Bàbá Ìbídùn" ni màmá mi máa ń pè bàbá mi nígbà tí màmá wà láyé.

"Ẹ káàárọ̀, dókítà. Ṣé kí n gba abẹ́rẹ́ yìí?"

Ẹ̀rọ ka èsì àyẹ̀wò wọn jẹ́jẹ́, bí màmá ṣe máa ń kà á fún aláìsàn.

"Bàbá, n kò ní tàn yín jẹ. Abẹ́rẹ́ náà kò lè wò yín sàn mọ́, ìyà lásán ni yóò fi jẹ yín. Ẹ má lo oṣù díẹ̀ tó kù fún yín ní ilé ìwòsàn. Ẹ lọ jókòó ti ìyàwó yín."

Mo na ọwọ́ sí wọn. "Ẹ dìde, bàbá mi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Fi mí sílẹ̀, Ìbídùn," wọ́n ní. "Dókítà ní kí n jókòó ti ìyàwó mi."